Póòpù Tí Ìyá Mi Béèrè

Ìyá mi fẹ́ràn àdúrà ju oúnjẹ lọ, kì í sì í ṣe àsọdùn. Bí òjò bá ká a mọ́ oko, bí ó ti ń sá bọ̀ wálé ni yóò máa kí Màríà lójú ọ̀nà. Helen ni orúkọ tí Fádà sọ ọ́ nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi, Aníwúrà ni orúkọ tí wọ́n bí i sí, àwa ọmọ sì ń pè é ní Ìyé, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ìyá ní Ìkálẹ̀. Epo pupa ni ó ń ṣe ní Iyansan, ìlú wa. Bí ó bá wà nínú ẹkù tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ yóò ti yípo tán kí epo tó léfòó. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó bá fi epo Helen se ọbẹ̀ kò nílò láti gbàdúrà kí ó tó jẹun.

Bàbá mi, Ọlánípẹ̀kun, kò ṣe ìrìbọmi ní tirẹ̀. Kì í ṣe pé ó kórìíra ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wà lára àwọn tó mọ ògiri rẹ̀, òun náà sì ni ó ń bá ìyá mi gbé ẹyìn lọ fún Fádà nígbà ìkórè. Ó tilẹ̀ lọ sí kíláàsì àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi nígbà kan rí. Ìbítáyọ̀ ni ó ń kọ́ wọn, òun ni Katikíìsì wa, ẹni tó ń darí ìjọ nígbà tí Fádà kò bá sí, bẹ́ẹ̀ Fádà sì rèé, ó lè tó oṣù méjì kí ó tó yà sí ọ̀dọ̀ wa. Àárín àwọn ọmọdé ni wọ́n fi bàbá mi sí lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti ń kọ ẹyìn láti àárọ̀, oorun sì ti gbé e lọ. Katikíìsì bi í pé, ta ni ó dá ọ? Bàbá mi ta jí, ó ní ìyá òun ni. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi já bọ́ láti orí bẹ́ǹṣì. Bàbá mi mú fìlà rẹ̀, ó jáde, kò sì padà mọ́. Nígbàkígbà tí ìyá mi bá ti dá ọ̀rọ̀ ìrìbọmi sílẹ̀, èsì rẹ̀ ni pé kí àwọn ọmọ yẹn dàgbà ná, kí wọ́n lọ sí Èkó, òun yóò wá padà. Wọ́n dàgbà, àwọn kan nínú wọn lọ sí Èkó, bàbá mi kò padà.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń dun ìyá mi jù láyé. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ, tí ó sì gbà láìyẹ̀ ẹsẹ̀ kan, ni pé ẹni tí kò bá ṣe ìrìbọmi kò ní í dé ibi tí òun ń lọ. Kò sí ohun tí ó fẹ́ ní ọ̀run tí ó ju pé kí ó bá ọkọ rẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ àwọn aya tí wọn yóò dúpẹ́ bí wọ́n bá sọ fún wọn pé wọn ò ní í rí ọkọ wọn mọ́ lọ́hùn-ún. Ìyá mi kọ́.

Ní ọdún 1963, ikùn bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà wú, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Òkìtìpupa, dókítà sì rọra sọ fún wọn pé kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, kí wọ́n máa fún un ní ohun tí ó bá wù ú láti jẹ. Èmi Morọ́láyọ̀, ọmọ wọn kan ṣoṣo tó yè, wá láti Ìrẹ̀lẹ̀ níbi tí mo ti lọ́kọ, kí n lè bá ìyá mi tọ́jú rẹ̀. Ìjọ Sẹ́mẹ́ẹ̀sì, tí kò sí lábẹ́ Póòpù, ni ilé ọkọ mi ń lọ, ibẹ̀ ni èmi náà ti ń jọ́sìn láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn, ìyá mi kò sì tíì dárí rẹ̀ jì mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Òkúdù, agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún ní àkókò tí kò yẹ kí ó dún. Katikíìsì ni ó pe ìjọ jọ. Ó ní Póòpù Jòhánù ti kú ní Róòmù. Ó ní àga Pétérù ṣófo, nítorí náà kí gbogbo ìjọ máa pé jọ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, kí a bẹ Ọlọ́run pé kí ó fún wa ní ẹlòmíràn tó dára. Ó sì fi ohun kan kún un. Ibi tí a ti máa ń dárúkọ Póòpù nínú àdúrà, ó ní kí a má dárúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́ títí wọn yóò fi yan tuntun. Nígbà tí wọ́n gba àdúrà náà débẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wọn dákẹ́. Ìyá mi wálé, ó sọ ọ́ fún mi, ó ní ìdákẹ́jẹ́ náà já òun láyà. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, Katikíìsì gbéra lọ sí Òǹdó fún Máàsì òkú Póòpù, ó ní òun kò ní í pẹ́ dé.

Àfi bí ó ṣe di ọ̀sán ọjọ́ yẹn tí bàbá mi ní kí ìyá mi wá. Ó ti ń gbọ́ ohun tí a ń sọ láti orí ẹní rẹ̀. Ó ní, "Helen, bí Póòpù fúnra rẹ̀ bá lè kú, èmi ta ni? Bí Katikíìsì bá ti dé, ránṣẹ́ pè é fún mi. Mo fẹ́ bá ọ lọ síbi tí ò ń lọ."

Ìyá mi bú sẹ́kún, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Mi ò rí i kí ayọ̀ bò ó tó bẹ́ẹ̀ rí, àní ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi pàápàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ìjọ ọkọ mi ló bà á nínú jẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń nu ojú ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo tẹ̀ lé e, mo bá a tó dúró bí ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí létí. Ó ní, "Ọma mi, àga ṣófo."

N kò kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń sọ. Ó wá là á yé mi. Ní ìlú wa, bí Ọlọ́jà, ọba wa, bá wàjà, gbogbo nǹkan a dúró. Wọn kì í fi ẹnikẹ́ni jẹ oyè, wọn kì í parí ẹjọ́, ẹnikẹ́ni kì í wọ ẹgbẹ́ àgbà. Ẹni tí oyè rẹ̀ bá kù sí ọ̀la tí Ọlọ́jà sì lọ lónìí, yóò máa wo ilẹ̀kùn ni títí Ọlọ́jà mìíràn yóò fi gorí àga, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbà á wọlé. Orúkọ ẹni tó lọ náà kò ṣeé pè. Gbogbo wa la mọ èyí láti kékeré. Ìyá mi wá fi ojú yìí wo ti Róòmù. Ó ní ìrìbọmi kì í ṣe nǹkan mìíràn ju kí wọ́n gba ènìyàn wọlé lọ. Ta ni yóò wá gba bàbá mi wọlé nígbà tí Onílé kò sí? Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá sọ fún òun ni, ṣé òun kò sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí gbogbo ẹnu pa mọ́ níbi orúkọ náà ni?

Èmi tí mo ti fi ìjọ wọn sílẹ̀, tí ó sì máa ń rán mi létí rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ni mo mọ̀ nípa òfin Àgùdà? Bí ó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe gbà á.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti dojú àdúrà kọ Róòmù. Ti ìrọ̀lẹ́ tí Katikíìsì fi lélẹ̀ kò tó o mọ́. Òun tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ìjọ, ó fi ti òwúrọ̀ kún un, ó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn kí wọ́n má baà sùn gbàgbé. Ó fi epo ṣíṣe sílẹ̀. Ẹyìn tí wọ́n ti kó jọ fún un jẹrà sí ẹ̀gbẹ́ ẹkù, eṣinṣin bò ó, kò tilẹ̀ yà wò ó. Ó gbààwẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí a kò tíì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ títí orúnkún rẹ̀ fi bó. Àdúrà kan ṣoṣo ni: Olúwa, yan Póòpù fún wa, yan án kíá.

Òjò kò jẹ́ kí a gbádùn. Ó rọ̀ títí omi fi wọ́ afárá tó wà lójú ọ̀nà Òkìtìpupa lọ, ọkọ̀ kò sì rí ọ̀nà kọjá mọ́. Katikíìsì tó ní òun kò ní í pẹ́ dé há sí òdìkejì. Ẹnì kan ṣoṣo ni a ti lè gbọ́ ohun tó ń lọ ní Róòmù, òun náà ni Jàfárù, aládùúgbò wa tó ń ta iyọ̀ àti epo kẹrosíìnì. Mùsùlùmí ni, ọmọ bíbí Ìkálẹ̀ bíi tiwa, ó sì ní rédíò tó ń lo bátìrì. Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń lọ jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àkókò ìròyìn. Sàrátù ìyàwó Jàfárù a máa gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún un, ìyá mi a ní òun ń gbààwẹ̀, Sàrátù a ní kí ó gbé e lọ fún aláìsàn nígbà náà.

Bí ó bá ti wọlé dé, bàbá mi yóò ṣí ojú.

"Wọ́n ti mú un?"

"Wọn kò tíì mú un."

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣì máa ń bínú sí wọn. Ó ní kí ni àwọn èèyàn náà ń ṣe níbẹ̀ gan-an, ṣé kò sí ọmọ oyè nínú ilé wọn ni? Ó tún ní bí ó bá jẹ́ ní Iyansan ni, wọn ì bá ti máa fi ara wọn sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá báyìí. A rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò ní agbára àwàdà mọ́. Ìbéèrè náà nìkan ni ó kù lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń lọ sílẹ̀ sí i, títí ó fi di pé a ní láti tẹ etí sí ẹnu rẹ̀ kí a tó gbọ́.

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ìyá mi ń fi aṣọ tútù nu àyà rẹ̀. Omi wà nínú ìkòkò nítòsí ibi tí ó dùbúlẹ̀ sí. Bàbá mi na ìka sí i. Ó ní, "Helen, omi rèé. Bu díẹ̀, kí o dà á sí mi lórí, kí o sì pe orúkọ Ọlọ́run rẹ. Ó ti rẹ̀ mí."

Ìyá mi fà sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Ó ní, "Èmi? Èmi obìnrin tó ń tẹ ẹyìn? Ọwọ́ ta ni mo ti gba àṣẹ? Ọlánípẹ̀kun, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ ká bà á jẹ́. Dúró dè wọ́n. Ó ti kù díẹ̀."

Bàbá mi ká ìka rẹ̀ padà. Ó ní, "Mo ń dúró."

Lẹ́yìn ìyẹn ni rédíò wá sọ pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn Kádínà, àwọn àgbà Fádà tó ń yan Póòpù, àti pé èéfín ni wọn yóò fi jẹ́ kí aráyé mọ̀. Bí ó bá dúdú, wọn kò tíì fi ẹnu kò. Bí ó bá funfun, Póòpù ti wà. Dúdú ni èyí àkọ́kọ́, dúdú ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ìyá mi, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ dáná epo, ní igi tútù ni wọ́n ń kì bọná, ó ní ṣé kò sí obìnrin kan nítòsí ibẹ̀ tó lè lọ ṣẹ́ igi gbígbẹ wá fún wọn ni. Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ojú rẹ̀ ti jìn, irun orí rẹ̀ kò tíì rí òòyà láti ìgbà tí àìsàn náà ti le.

Ọjọ́ yẹn náà ni Jàfárù kò lè mú un mọ́ra. Ó pa rédíò, ó rọra sọ ọ́, ó ní, "Ìyá Morọ́láyọ̀, ẹ má bínú sí mi. Póòpù ni ó kú, àbí Ọlọ́run?"

Ìyá mi dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó kúrò níbẹ̀ láìdágbére. Nígbà tí ó délé, ó ní kí ni Mùsùlùmí mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ Póòpù. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ìbéèrè náà ti wọ̀ ọ́ lára, ẹ̀rù sì ń bà á láti dá a lóhùn. Ó lọ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lákọ̀tun, nítorí Póòpù. Inú bí mi nígbà náà. Inú bí mi sí Róòmù, sí òjò, sí Katikíìsì, sí àwọn ọmọ tó rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì. Mo jáde lọ fọ aṣọ tí kò dọ̀tí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni bàbá mi kú. Ìyá mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àwọn obìnrin, èmi nìkan ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ṣí ojú, ètè rẹ̀ mì. Mo mọ ohun tí ó ń béèrè, mo ní ó ti kù díẹ̀, Bàbá, ó ti kù díẹ̀. Ó mí lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì mí mọ́. Mo ṣì di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tí ìyá mi wọlé tòun ti erùpẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lórúnkún. Kò ké. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan, ó ń sọ pé, "Mo ní kí o dúró. Ṣebí mo ní kí o dúró."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, a ń wẹ òkú lọ́wọ́, Jàfárù dé ẹnu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Kò tíì gbọ́ pé bàbá mi ti kú. Ó ti sáré wá láti ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó rí ohun tí à ń ṣe. Ó dúró. Ó wo bàbá mi, ó wo ìyá mi tó ń fi kànrìnkàn fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi gbójú sókè, ó sì bi í.

"Wọ́n ti mú un?"

Jàfárù kò lè gbójú wò ó. Ó ní, "Wọ́n ti mú un, Ìyá Morọ́láyọ̀. Èéfín funfun ni."

Ẹ̀yìnkùlé ni a sin bàbá mi sí ní ọjọ́ kejì, nítorí kò sí ẹni tó lè gbà á sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Jàfárù wà lára àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Katikíìsì dé, tí ẹrẹ̀ bò ó dé ìbàdí, tí inú rẹ̀ ń dùn, tí ó ń pariwo Póòpù tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlú. Nígbà tí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó wá sílé wa lójú ẹsẹ̀. Ó bá ìyá mi kẹ́dùn, mo sì sọ fún un pé bàbá mi béèrè fún ìrìbọmi kí ó tó kú. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní ta ni ó wá da omi náà sí i lórí nínú yín?

Ìyá mi ní, "Àga ṣófo."

Katikíìsì wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè náà. Lẹ́yìn náà ni ó yé e, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwá àga. Ó ní bí ikú bá ti dé tòsí, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é, ọkùnrin tàbí obìnrin. Omi ni, àti orúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Ó ní kò sí bí Póòpù ṣe kan ọ̀rọ̀ náà, ì báà jẹ́ ọdún mẹ́wàá ni àga fi ṣófo. Mo bi í pé ìgbà wo ni ó kọ́ ìjọ ní èyí. Ó ní òun kọ́ wọn. Mo ní ìgbà wo? Ó ronú, ó ní bóyá àwọn ọkùnrin ni òun kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti fẹ́ẹ̀ di ìyá àgbà báyìí, síbẹ̀ bí mo bá rántí "bóyá" yẹn, ara mi a máa gbóná.

Ó ń tu ìyá mi nínú lẹ́yìn náà, ó ní ìfẹ́ ọkàn bàbá mi ti tó lójú Ọlọ́run, pé Ìjọ kọ́ni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Fádà dé, òun náà sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi gbọ́ ti àwọn méjèèjì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo mọ ìyá mi. Ọ̀rọ̀ náà kò dé inú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, ìjọ ṣe ìdúpẹ́. Mo ní kí ó má lọ, ó ní olórí obìnrin ni òun. Mo bá a lọ. Nígbà tí àdúrà dé ibi tí wọ́n ti ń dákẹ́, gbogbo wọn pe orúkọ Póòpù Pọ́ọ̀lù sókè, ìyá mi náà pè é pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn ìsìn, Katikíìsì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́, ó ń sọ fún wọn pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà wa. Ó sọ ọ́ fún ìyá mi náà, bóyá kò rò ó kí ó tó sọ ọ́.

Ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fi sílẹ̀. Ó ní, "Ó gbọ́, Katikíìsì. Póòpù ni mo béèrè, Póòpù ni ó fún mi. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ títí ọkọ mi fi kú, mi ò dárúkọ Ọlánípẹ̀kun nínú àdúrà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ó padà sídìí ẹkù lẹ́yìn ọ̀fọ̀. Ó ní kí Katikíìsì kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń da omi náà, ó sì mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ tuntun kan kò bá lè mí dáadáa ní Iyansan tàbí ní Akọtogbo, òun ni wọ́n máa ń wá pè. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin kò fi epo rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, nítorí ó ń tẹ ẹyìn ní ìdákẹ́jẹ́ báyìí.

Ọdún 1971 ni àìsàn gbé òun náà ṣánlẹ̀. Mo tún wá láti Ìrẹ̀lẹ̀. Katikíìsì ti wá, Fádà ti wá, wọ́n ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún Àgùdà tó ń lọ. Nígbà tí ó ku àwa méjì, ó ní kí n gbàdúrà fún òun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti Sẹ́mẹ́ẹ̀sì. Mo kúnlẹ̀, mo bi í pé kí ni kí n béèrè. Ó ní kí n má béèrè nǹkan kan, kí n ṣáà máa dárúkọ bàbá mi.